Ràímì Wo Mọ́tò Sàn Láìgbàṣẹ

Ẹjọ́ tó dé ilé Baálẹ̀ àdúgbò wa ní Àpòmù lánàá, mọ́tò ló gbé e wá, mọ́tò náà sì ni ẹjọ́. Màmá Sàlámọ̀tù tó ń din dòdò Ìkirè tà lẹ́bàá títì ló sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, Kamilah ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ń ké bí ẹni tí wọ́n gba oko mọ́ lọ́wọ́.

"Bàbá, Ràímì mẹkáníìkì ló jà mí lólè."

"Ìyá, kí ló jí?"

"Gbígbọ̀n mọ́tò."

Àwọn ìjòyè wo ara wọn.

"Tó bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ṣe ló máa ń gbọ̀n rìrì. Lọ́sàn-án, màá ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, màá tẹ́ Kamilah sẹ́yìn, ó di oorun. Ìgbà yẹn ni mo ń din dòdò. Ràímì ti tún un ṣe, ọmọ ò sùn mọ́. Ṣé kí n pọn ọmọ dúró ti epo gbígbóná ni? Ọjọ́ márùn-ún rèé tí iná ò dé ààrò mi!"

Baálẹ̀ kọjú sí Ràímì. "Ta ló rán ọ?"

"Bàbá, bíréèkì ni wọ́n pè mí sí. Ṣùgbọ́n mọ́tò ń gbọ̀n, mo ní ibà ni. Ẹni tí ibà ń ṣe, ṣé a máa ń gbàṣẹ ká tó fún un lóògùn?"

"Báwo lo ṣe mọ ibi tó ń dùn ún?"

"Mo yọ púlọ́ọ̀gì wò, ó mọ́. Mo wá tẹ́tí, mo gbọ́ tí nǹkan ń súfèé lẹ́bàá kabúrétọ̀. Mo fi ìka dí rọ́bà kan tó ti là níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì fara balẹ̀ bí ọmọ ilé kéú tó rí àáfà. Atẹ́gùn ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo pààrọ̀ rọ́bà."

"Ẹ gbọ́!" Màmá figbe ta. "Ó ti jẹ́wọ́!"

Wọ́n pe Mubashir, ọmọ Màmá tó ni mọ́tò.

"Mọ́tò mi ò gbọ̀n rí, Bàbá."

"Kí ló dé tó o fi okùn so bọ́ńpà rẹ̀?"

"Ọ̀ṣọ́ ni."

Dáramọ́lá, aládùúgbò wọn, fò dìde. "Irọ́! Tó bá ti ń gbọ̀n, abọ́ mi á máa jó bọ́ sílẹ̀ lórí pẹpẹ."

"Inú rẹ dùn pé wọ́n tún un ṣe nìyẹn?"

"Ó tì o! Abọ́ ṣe é rà. Ta ni yóò ra etí tuntun fún mi?"

Kamilah tún figbe bọnu.

"Ràímì," Baálẹ̀ ní, "dá rọ́bà àtijọ́ padà síbẹ̀."

Mubashir dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ìlọ́po méjì epo ló ń mu nígbà yẹn!"

"Mọ́tò tí kò gbọ̀n rí yẹn?"

Baálẹ̀ ò dúró gbọ́ èsì, ó dájọ́.

"Ó dáa. A kì í dá ẹni tó woni sàn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n tó mú lọ, ọwọ́ ni yóò fi san án. Ràímì, lójoojúmọ́, tí a bá ti kírun Àílà ọ̀sán tán, wá di bọ́ńpà iwájú mú, kó o máa mi mọ́tò títí Kamilah yóò fi sùn. Ìwọ Mubashir òpùrọ́, di ti ẹ̀yìn mú. Ó di ọjọ́ tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú."

Wọ́n tẹ́ Kamilah sẹ́yìn mọ́tò, iwájú ilé Baálẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mì, wọ́n mì, òógùn bò wọ́n. Kamilah lajú sílẹ̀ rekete, ó ń wò wọ́n.

Màmá bẹjú wo inú mọ́tò. "Ẹ ń mì ín geere jù. Ti tẹ́lẹ̀, tó bá gbọ̀n mẹ́ta, á fo ìkẹrin."

"Ẹ fo ìkẹrin," Baálẹ̀ pàṣẹ.

Wọ́n fò ó. Ọmọ yán, ó sùn lọ.

Màmá ní kí wọ́n má dáwọ́ mímì dúró o, òun ń lọ dáná.