Ẹnì Kan Ṣoṣo Tó Ní Odindi

Aránṣọ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó ti sísọ́ọ̀sì àti tépù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe lórí òpópónà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò yìí, nítorí kò sí ohun tí wọ́n máa bi í tí kò ní dáhùn, bó mọ̀ ọ́n, bí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìyá wọn ló délẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ìyá náà fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé lórin. Àwọn ọmọ ọ̀hún, tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ báyìí, wá kó gbogbo orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn jọ sínú ẹrù kan ṣoṣo. Ẹrù náà tóbi ju ohun tí fóònù lè gbé lọ, ni wọ́n bá fi tọ́rẹ́ǹtì pín in, níbi tí ẹni tó ní díẹ̀ ti ń bù fún ẹni tí kò ní. Ti aránṣọ dé orí méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀, dókítà etí ti sọ pé etí màmá ń dí díẹ̀díẹ̀, pé ohun tí wọ́n bá fẹ́ kó gbọ́, kí wọ́n tètè jẹ́ kó gbọ́ ọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fa àga, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó mí kanlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹrù yìí ti pín.”

Aránṣọ káwọ́ lérí. “Ó ti pin? Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án?”

“N ò ní ó ti pin. Mo ní ó ti pín. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́ ni. Ẹ máa gba èyí lọ́wọ́ tibí, ẹ máa gba tọ̀hún lọ́wọ́ tọ̀hún, kọ̀ǹpútà á wá tò wọ́n pọ̀.”

“Bí ẹni ń rán aṣọ nìyẹn.”

“Kò jọ aṣọ rárá,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Kò fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ tètè yé èèyàn.

Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ní òun ti rí àrùn náà. “Ògiri iná ló dí i lọ́nà.”

Aránṣọ fọwọ́ kan ìdí kọ̀ǹpútà. “Abájọ tó fi ń gbóná.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàlàyé pẹ̀lú sùúrù tó ń dunni pé kì í ṣe iná tó ń jó, pé bí ọlọ́dẹ ẹnu géètì ló rí. Ó ní kí ọlọ́dẹ lọ jókòó ná. Wọ́n wò ó títí. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.

“Ó dáa. Ihò ẹ̀ ló dí.”

Aránṣọ ti na abẹ́rẹ́ ńlá sí i.

“Kì í ṣe ihò abẹ́rẹ́. Ihò tí ẹrù ń gbà wọlé. Nọ́ńbà ló ní, bíi nọ́ńbà ilé. Mo ti yí i padà.”

“Àwọn tó mọ nọ́ńbà àtijọ́ ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe máa mọlé?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde. Ó pa àpótí ìńtánẹ́ẹ̀tì tó wà lójú fèrèsé, ó tún un tàn, ó gbé e lọ sójú fèrèsé kejì, ó tún gbé e padà. Níkẹyìn ó ní kí kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ohun tó ti gbà wò. Lójú ẹsẹ̀ ni méjìdínlọ́gọ́rùn-ún di òdo. Aránṣọ gbé ọwọ́ lé àyà. Iye náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà, ó ń gòkè, ó ń gòkè, ó wá dúró lórí mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

“Ìlọsíwájú nìyẹn,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

“Ìlọsíwájú tó lọ sẹ́yìn?”

“Èyí tó bàjẹ́ ni mo yọ. Ẹ wò ó, ó ti ń padà sí méjìdín.”

Lóòótọ́ ló padà sí méjìdín. Ibẹ̀ náà ló sì tún dúró sí. Aránṣọ fà mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó wò ó bó ṣe ń wo ojú ìrán, ó wá béèrè ìbéèrè kan tó rọrùn.

“Nínú gbogbo àwọn tó ń pín in yìí, ta ló ní odindi?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó. “Òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀.”

“Àwọn mọ́kànlá tí mò ń wò yìí ńkọ́?”

“Orí méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni gbogbo wọn wà. Ohun tí ẹ ò ní làwọn náà ò ní.”

“Àwa méjìlá wá tẹ́wọ́ síra wa, kò sì sẹ́ni tó mú nǹkan kan dání.”

“Àwọn ahun ló fà á,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, inú sì ń bí i gidi. “Ẹnì kan á gba odindi tán, á pa tirẹ̀ dé, á bá tirẹ̀ lọ. Irú wọn ló ń ba ayé jẹ́.”

Aránṣọ mú fóònù, ó kọ̀wé sí mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ gbé ẹrù náà síta, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iléèwé ìjọsí. Èsì dé kíá. Òjò ti wọ kọ̀ǹpútà mẹkáníìkì, ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n kí òjò tó wọ̀ ọ́, ẹnì kan ṣoṣo ti gba odindi. Aránṣọ ka orúkọ tí ẹni náà fi sílẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ìwọ̀n aṣọ.

“Ọ̀-jọ̀-gbọ́n.”

Àbúrò rẹ̀ yí ojú sí fèrèsé. “Ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ láyé.”

“Ó ní ẹni náà sọ pé òun lọmọ olùkọ́ orin.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó ní ọjọ́ tí òun ra ìlà ìńtánẹ́ẹ̀tì tuntun ni òun fẹ́ mọ bó ṣe yá tó. Ogójì ìṣẹ́jú péré ló fi gbà á tán. Òun wá pa á dé, káwọn èèyàn má baà máa fa dátà òun.

“A jẹ́ pé o ti gbọ́ ohùn màmá.”

“N ò tíì ráyè tẹ́tí sí i.”

Aránṣọ kò bú u. Ó ń rántí bí ìyá wọn ṣe kọrin lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí orin ya kúrò lójú ọ̀nà, tí ìyá olùkọ́ orin kò sì mọ̀.

“Ṣí i.”

Ó ṣí i. Àwọn mọ́kànlá yẹn àti aránṣọ ṣùrù bò ó bí adìẹ tí wọ́n da àgbàdo sí láàárín. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún.

“Ẹ rí i?” Ọ̀jọ̀gbọ́n ti rí àgbọ̀n rẹ̀ gbé sókè padà. “Mo sọ fún yín pé màá tún un ṣe.”

Aránṣọ tẹ̀ ẹ́, ó yí ohùn rẹ̀ sókè pátápátá. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń bá ọmọ kan wí ní ìlà ẹ̀yìn, pé orin kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ogójì ọmọdé gbé orin sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú yàrá màmá, ọ̀pá kan bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan, ohùn arúgbó kan sì bọ́ sí apá kejì orin náà, ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wá na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti pa á dé.

“Kí lò ń ṣe?”

“Gbogbo yín ti gbà á tán, Ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá fi sílẹ̀ ní ṣíṣí, àwọn mìíràn á tún dé. Dátà mi á tán.”

“Ọdún méjì ni màmá ṣí ọmú sílẹ̀ fún ẹ,” ni aránṣọ wí. “Kò ní dátà òun ń tán.”