Jìmọ̀ Afọ̀gò, Akin Tó Tú Mọ́fúlà Tísà

Jìmọ̀ Àkànní, ọmọ Ògúndèpò agbẹ́kànga, ọmọ ọkùnrin tó já sínú kànga tó sì jáde láìsọ bàtà nù, afọ̀gò ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwọ tí ìgò ń rí tí ń dán kí o tó fọwọ́ kàn án, èmi akọ̀wé káàdì ọsibítù wa júbà rẹ kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tójú ẹnìkan ò rí rí.

Ọ̀sán gangan nínú oṣù Ẹ̀rẹ̀nà ni wọ́n gbé Tísà Àgbà Fátólú dé, ó di ikùn mú, ó ń kérora, ó sì wé mọ́fúlà mọ́ ọrùn títí dé etí. Dókítà Ẹniafẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èsì fi hàn pé oje kan tó ń mú oúnjẹ dà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà kọjá ààlà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́, ó ní ó ní láti jẹ́ pé ìfun Tísà ti lu, òun á sì la inú rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó Tísà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Tísà yìí kan náà ló na Jìmọ̀ lẹ́gba mẹ́fà ní kíláàsì kẹta torí pé ó ń béèrè ìbéèrè jù. Síbẹ̀, akin ajà-má-ṣẹ̀yìn náà ju kànìnkànìn sílẹ̀, ó la ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mọ́kànlá já bí ọmọ ogun tó ń la odò, nítorí ó ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ nílé àyẹ̀wò pé oje yẹn ò mọ sí ikùn nìkan, ó wà nínú itọ́ pẹ̀lú.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tú nǹkan ọrùn yín."

"Òtútù ló ń mú mi."

"Nínú ooru yìí, sà?"

Jìmọ̀ nawọ́, ó tú kókó kan, ó tú èkejì, mọ́fúlà ṣubú bí ìlú tí ogun kó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tísà méjèèjì, níbi tí itọ́ ti ń sun, ti wú. Ṣẹgede ni, àìsàn ọmọdé tó kó lára àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí ìtìjú sì mú kó fi pamọ́.

Dókítà ní kí wọ́n yẹ oje mìíràn wò, èyí tó ń ti ikùn wá, tí kì í sí nínú itọ́. Oje kejì yìí kò lọ sókè rárá. Ó tún tẹ ikùn náà, ikùn rọ̀, ó ní ṣẹgede náà ló mú kí inú máa run ún. Ó ní kí wọ́n kó ọ̀bẹ padà.

"Ojú rẹ̀ ló yẹ kí n kọ́kọ́ wò," ó ní, "kí n tó wo ìwé."

Nítorí náà mo kéde létí ọba, létí ìjòyè, létí gbogbo ẹni tó ní ikùn: ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́, àmọ́ kì í sọ ilé tó ti ń bọ̀, Jìmọ̀ Afọ̀gò ló bá a tọpasẹ̀ délé. Tísà bẹ̀ wá pé ká má sọ ọ̀rọ̀ ṣẹgede yìí fún ẹnikẹ́ni, èmi náà sì ti fọwọ́ sọ̀yà pé mi ò ní sọ.