Bí Àwọn Ará Filipínì Ṣe Bá Ọ̀mọ̀wé Adégbọlá Kó Ẹrù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Langley Park ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996, bí ẹ bá gbàgbé ojú Adégbọlá, ẹ ò lè gbàgbé káàdì rẹ̀. Ta ni kò fún? Ó fún wọn níbi ìkómọ, ó fún wọn níbi ìsìnkú, ó tún ń pín in lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni: Ọ̀mọ̀wé Adégbọlá, Agbaninímọ̀ràn Àgbáyé. Iléèwé tó fún un lóyè náà ò yé ẹnikẹ́ni; tẹ́ ẹ bá bi í, á ní ó ti pẹ́. Adégbọlá Asọ̀rọ̀-má-sinmi! Ó mọ ìdí tí ayé ò fi gún, kò mọ ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ nù sí nínú ilé ara rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń lé, ìyẹn ipò ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yorùbá.

Nọ́ọ̀sì ni Monísọ́lá ìyàwó rẹ̀, ìyá Ethan ọmọ wọn. Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní wọ́ọ̀dù, ọmọ Filipínì, tí wọ́n ń pè ní Luz. Nígbà tí ìyá Monísọ́lá kú nílé, Luz ló bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sì fìgbà kan mẹ́nu bà á. Monísọ́lá fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ìyá. Lọ́jọ́ kan, Luz fún un ní ìwé pélébé kan tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oxon Hill ṣe fún àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n má bàa gbàgbé ìwà ilé. Monísọ́lá gbé e sórí tábìlì. Adégbọlá kà á lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti di ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ Filipínì.

Ló bá ké sí gbogbo ẹgbẹ́ wá sí gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì. Wákàtí méjì ló fi sọ̀rọ̀ lórí ìwà àwọn ará Filipínì àti bí ó ṣe ń tún orílẹ̀-èdè ṣe. Ó ní bí ẹnì kan bá fẹ́ kó kúrò níbì kan lábúlé wọn, gbogbo àdúgbò á ti ọparun bọ abẹ́ ilé náà, wọn á gbé e lé èjìká tòrùlé-tòrùlé, wọn á bá a gbé e débi tó ń lọ. Bayanihan ni wọ́n ń pè é. Ó ní àwa, ọkọ̀ akẹ́rù la máa ń háyà, ìdí nìyẹn tí iná ò fi dúró ní Nàìjíríà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dúró kí àtẹ́wọ́ náà rọlẹ̀, ó nu ojú.

“Lágbára Ọlọ́run,” ó ní, “mò ń kó lọ sí ilé tuntun mi ní Bowie ní Sátidé. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe Nàìjíríà.”

Ọgbọ̀n èèyàn ló kọ orúkọ sílẹ̀, torí ojú ń tì wọ́n láti kọ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kí Monísọ́lá ké sí Luz àtàwọn èèyàn rẹ̀ náà. Monísọ́lá ní kò burú, àmọ́ Luz ti sọ fún òun pé ẹni tí wọ́n bá bá gbé ilé ló ń se oúnjẹ, tí gbogbo wọn á jọ jẹ ẹ́ kí wọ́n tó tú ká. Adégbọlá wò ó bí ẹni pé ó ń ṣàánú rẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ni mò ń sọ,” ó ní, “ìwọ ń sọ̀rọ̀ ìkòkò.”

Síbẹ̀, ó ní kó se jọ̀lọ́ọ̀fù, kó se ẹran ewúrẹ́, kó se mọ́ínmọ́ín. Ti àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni o, tí wọ́n ń bọ̀ láago márùn-ún wá wo ilé, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ààrẹ. Láàárọ̀ Sátidé, ó kó oúnjẹ náà lọ sí Bowie, ó tì í mọ́ yàrá abẹ́ ilé, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

Nínú ọgbọ̀n Yorùbá, márùn-ún ló yọjú. Àwọn ará Filipínì jẹ́ mẹ́rìnlá, pẹ̀lú Ernesto, àbúrò bàbá Luz, àgbàlagbà tó fi ogún ọdún dáná fún àwọn ọmọ ogun ojú omi. Láti àjà kẹta ni wọ́n ti ń gbé ẹrù bọ̀ wá sílẹ̀, títí kan dùùrù ńlá kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n tẹ̀ nínú ilé náà. Adégbọlá wọ agbádá, ó dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń tọ́ka sí wọn, ó ń ṣàlàyé wọn fún ara wọn.

Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù nígbà tí wọ́n gbé èyí tó kẹ́yìn wọlé ní Bowie. Wọ́n jókòó sórí koríko, òógùn bò wọ́n. Wọn ò béèrè nǹkan kan. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Luz rọra ń wá bàtà rẹ̀. Ìtìjú bá Monísọ́lá. Ó mọ̀ pé Luz ò ní bínú síta. Á kàn máa kí òun dáadáa ní wọ́ọ̀dù ni, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò, ọ̀rẹ́ á sì parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ dé. Bí Adégbọlá ṣe rí wọn, ó gbóhùn sókè, ó ní òun ní ẹ̀bùn fún àwọn alágbára wọ̀nyí. Fọ́tòkọ́pì ìwé pélébé náà ni. Ó pín in kárí, orúkọ rẹ̀ wà lókè gàdàgbà: láti ọwọ́ Ọ̀mọ̀wé Adégbọlá.

Ernesto gbé jígí sójú. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

“Ọ̀gá, ìwé yìí dára,” ó rọra sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. “Èmi ni mo kọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ojú ìwé kẹrin nìkan ni mi ò rí, níbi tí onílé ti ń bọ́ àwọn tó bá a gbérù.”

Adégbọlá ní ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ló fà á ya. Monísọ́lá bá nawọ́ sí i níṣojú gbogbo wọn.

“Dádì Ethan, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́.”

“Kọ́kọ́rọ́ wo?”

“Ti oúnjẹ.”

Ó tú agbádá náà títí, bí ẹni tó wọ aṣọ aláṣọ, kó tó rí i.

Àwọn tó gbérù ni Monísọ́lá kọ́kọ́ bù fún, kó tó kan àwọn àgbà. Olóyè Ọmọ́jọlá, ààrẹ tó ń kúrò lórí oyè, jẹ ẹran tán, ó bi wọ́n pé ọ̀rọ̀ ààrẹ wá ńkọ́. Rasaq tó ń wa takisí, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún, ní Abibat tó jókòó tì òun yìí ń kó kúrò ní àjà kẹrin ní Sátidé tó ń bọ̀. Kí Ọ̀mọ̀wé wá ṣáájú wọn níbẹ̀, kí àwọn fi mọ aṣáájú. Adégbọlá ní ẹ̀yìn ń dun òun.

“Kí lẹ gbé?” Rasaq bi í.

Ẹ̀rín ta. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá náà rẹ́rìn-ín. Olóyè ní ó dáa, kí ọ̀rọ̀ ààrẹ ṣì dúró títí ẹ̀yìn á fi san.

Luz gbé abọ́ rẹ̀ tó ti ṣófo wá, ó ní ṣé mọ́ínmọ́ín ṣì kù. Ẹyọ kan ló kù, Monísọ́lá gbé e fún un, Luz sì dì mọ́ ọn. Ẹ̀yìn Luz ni Adégbọlá dúró sí, òun náà gbé abọ́ lọ́wọ́, ebi ti ń pa á.

“Ó ti tán,” Monísọ́lá sọ fún un. “Àwọn tó gbérù ti jẹ ẹ́.”