Ayé-ń-Wò-Mí Di Ọlọ́kọ̀ Ojú Omi

Ẹ bá mi kí àbúrò bàbá mi, Ayé-ń-Wò-Mí, ọkùnrin tó ń yó kó tó jẹun, afínjú tó ń fi aṣọ aláṣọ yan. Bó bá ra abẹ́rẹ́, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ pé irin wọlé. Bó bá sín, á wo ọ̀tún, á wo òsì, kó lè mọ iye èèyàn tó rí i. Bàbá mi tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi orúkọ yẹn bá a wí nígbà kan, àmọ́ òun gbà á bí oyè.

Mọ́tò tí a gbé rìn lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, èmi ni mo ni ín. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó rà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni bàbá kékeré jókòó sí, ní igun tí àwọn ọlọ́lá ń jókòó sí. Ó wọ kóòtù funfun, ó gbé jígí dúdú sójú, ó ní kí n máa wa mọ́tò lọ.

"Ẹ bọ́ síwájú, ká jọ máa sọ̀rọ̀," mo ní.

"Kìnnìún kì í jókòó ti dẹ́rẹ́bà. Bí a bá sì dé àárín èèyàn, má pè mí ní bàbá kékeré. Ọ̀gá ni kó o máa pè mí."

"Èmi wá ńkọ́? Kí lẹ máa pè mí?"

"Dẹ́rẹ́bà mi. Ṣé ìyẹn máa bù ẹ́ jẹ ni?"

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló bẹ̀ mí kí n gbé e lọ, mo bá gbé ìbínú mi mì.

Ìyàwó ló ń lọ fẹ́. Opó kan wà ní ìlú tí à ń lọ, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Onípákó. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí pákó mẹ́ta tí wọ́n jọ dá sílẹ̀, kò sì jẹ́ kí ọ̀kankan wó. Orí fóònù ni òun àti bàbá kékeré ti mọra. Ayé-ń-Wò-Mí ò tíì rí ojú obìnrin yìí rí, àmọ́ ó ti mọ iye ilẹ̀kùn tó wà lára ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀.

"Tí mo bá ti fẹ́ ẹ tán," ó sọ fún mi lójú ọ̀nà, "kò yẹ kó tún máa so kọ́kọ́rọ́ mọ́dìí kiri. Èmi ni màá máa bá a tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Gbogbo pákó yẹn, màá tà á kíákíá, màá fi ra mọ́tò tó bá ìrísí mi mu."

"Ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa pákó ni?"

"Ẹyẹ idì ò kọ́ṣẹ́ káfíńtà kó tó bà lórí igi."

Àánú obìnrin náà ṣe mí. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, àmọ́ mo mọ ẹni tó ń bọ̀ wá bá a.

Ọ̀nà jìn. A ti pinnu pé a máa sùn ní ìlú èbúté kan tó wà lójú ọ̀nà, ìlú tí kò kéré tí kò sì tóbi. Ó jìnnà sí òkun, àmọ́ odò ńlá gba àárín rẹ̀ kọjá, orí odò yẹn sì ni ọkọ̀ ń gbà kó ọkà àti sìmẹ́ǹtì wọ̀lú. Ká sùn, ká ra epo, ká máa lọ láàárọ̀, ohun tí a fẹ́ ṣe ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu bàbá kékeré ni kò gbà.

Bí a ṣe ń wọ̀lú ni Ìyá Onípákó pè é, tó béèrè ibi tí a dé. Ó dárúkọ ìlú náà fún un. Ó yẹ kó dákẹ́ síbẹ̀.

"Mo ní kí n yà wo ọkọ̀ mi tó wà ní èbúté wọn ni," ó ní.

"Ọkọ̀? Ṣé ti ojú omi?"

"Kékeré kan báyìí ni o. Ó kàn ń bá mi kó ẹrù díẹ̀díẹ̀."

Obìnrin náà ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ọ̀nà ibẹ̀ ò jìn sí ọ̀dọ̀ àwọn. Òun àti ẹ̀gbọ́n òun máa wá bá wa níbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, nítorí ẹ̀gbọ́n òun ti fàáké kọ́rí pé òun ò ní lóhùn sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí àfi tí òun bá fi ojú ara òun rí iṣẹ́ ọkùnrin náà.

Mo wò ó nínú dígí mọ́tò. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ tètè pè é padà, kí ẹ sọ òótọ́ fún un," mo ní.

"Dẹ́rẹ́bà, wo iwájú rẹ," ó ní.

Ilé ìtura tí a dé sí kọjú sí odò. Òórùn epo ọkọ̀ àti àpò tútù gba inú yàrá, bí tírélà bá sì ti ń kọjá nísàlẹ̀, ife orí tábìlì á máa gbọ̀n. Bàbá kékeré lọ sí ojú fèrèsé láti lọ kẹ́dùn ara rẹ̀. Ló bá kígbe. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, lẹ́bàá àwọn kireeni tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè, ọkọ̀ ojú omi kan dúró, ó funfun báláú, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Kò sí ẹyọ ẹnì kan lórí rẹ̀.

Ìyá tó ni ilé ìtura ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́. "Màmá," bàbá kékeré ní, "ta ló ni ọkọ̀ funfun yẹn?"

"Èyí yẹn? Ó ti pé ọdún méje tó ti wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín. Ohun tó sì ń ká wa lára jù ni pé..."

"Ó ti tó, Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ lọ sinmi."

Ó rọra tì í síta, ó pa ilẹ̀kùn dé. Àìsàn tó ń ṣe bàbá kékeré nìyẹn: kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìdí. Ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń gbà lẹ́nu èèyàn, á ní kí àwọn tí kò níṣẹ́ máa gbọ́ ìparí.

"Ẹ bá jẹ́ kí ìyá yẹn sọ̀rọ̀ tán," mo ní.

"Kí ló kù tó fẹ́ sọ? Ohun tí kò lólówó, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé e ló ni ín. Èmi ò sì fẹ́ gbé e sá lọ. Bí wọ́n bá kàn ti wò ó tán báyìí, màá dá a padà."

"Ẹ máa dá a padà fún ta?"

"Fún odò."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti dúró ti ọkọ̀ náà kí àlejò tó dé, ó di okùn rẹ̀ mú bí ẹni tó mú ewúrẹ́ dání. Ìyá Onípákó fúnra rẹ̀ ló wa lọ́rì rẹ̀ wá. Obìnrin tó taagun ni, ọwọ́ rẹ̀ le, ojú rẹ̀ tutù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn ti iṣẹ́ télọ̀, sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e. Mo kí wọn, obìnrin náà sì di èjìká mi mú.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé ìwọ nìkan lo wa mọ́tò láti ọ̀nà jíjìn yẹn? O kú iṣẹ́."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Dẹ́rẹ́bà mi lásán ni," bàbá kékeré já lu ọ̀rọ̀. "Ẹ wo ọkọ̀ mi níbí."

"Gbogbo èyí?" ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Látòkè délẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá sùn, òun ni mo máa ń lálàá rẹ̀."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe báyìí?" Ìyá Onípákó ní.

"Ó ń sinmi. Ọkọ̀ ńlá kì í kánjú."

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti wà níbí?"

"Ọdún méje!" Òótọ́ kan ṣoṣo tó sọ láàárọ̀ yẹn nìyẹn, òun náà ló sì kó bá a.

Aláàárù kan ń ru àpò sìmẹ́ǹtì kọjá lọ. Ó dúró. Ó sọ àpò kalẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ máà bínú o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀ yìí?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Èyí gan-an? Kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Ṣé èèyàn kì í mọ ohun ìní ara rẹ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gun orí òpó yẹn, kí ẹ tún un wí kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́."

Wọ́n gbé Ayé-ń-Wò-Mí gun ẹṣin aáyán, ó tún ń wá ibi tí ìjánu wà. Ó gun orí òpó irin kúkúrú tí wọ́n ń so okùn ọkọ̀ mọ́, ó ṣí àyà kóòtù sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ará èbúté! Èmi erin ojú omi, èmi tí odò ń dìde kí, èmi gan-an ni mo ni ọkọ̀ yìí!"

Ariwo ayọ̀ sọ. Awakireeni sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Àwọn onítírélà ń fun fèrè. Àwọn obìnrin tó ń rán àpò ọkà tú jáde, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fò sókè. Ìyá onílé ìtura gbé ìgbálẹ̀ sáré dé. Ọ̀gá èbúté náà yọ, kò tíì so táì rẹ̀ tán.

"Ẹ káàbọ̀, sà! Ojú wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ níbi tí a ti ń retí yín!"

Bàbá kékeré wo Ìyá Onípákó. "Ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi tó?"

"Ó ti tó ọdún méje tí a ti ń wá yín, sà," Ọ̀gá èbúté ní. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Gbogbo wa gba orí afárá onípákó tó yọ sínú odò, a tò yí ìdí ọkọ̀ náà ká. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìgboro ni àwọn aláṣẹ ìlú kùn lọ́dà nígbà tí àlejò pàtàkì kan ń bọ̀, kí ojú má bàa tì wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sódò, kò sẹ́ni tó kùn ún. Irin ibẹ̀ ti jẹrà, ihò kan gba odidi màlúù kọjá, koríko hù lára rẹ̀, àwọn èkúté sì ń wọlé jáde bí onílé.

"Èkúté yín ló ń jẹ ọkà wa!" obìnrin aránpò kan pariwo.

"Ẹ̀fọn inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí àlejò mi sùn!" ìyá onílé ìtura ní. "Ohun tí mo fẹ́ sọ lánàá nìyẹn, tẹ́ ẹ tì mí síta!"

"Ó gba ibi tó dáa jù ní èbúté," aláàárù ní. "Ọkọ̀ tó yẹ kó gúnlẹ̀ ń ṣẹ́rí padà, iṣẹ́ ò tó wa ṣe mọ́."

Ọ̀gá èbúté fún ọwọ́ bàbá kékeré pọ̀. "Sà, kílẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ."

"Kí n gbé e lọ síbo?"

"Sílé yín."

Ayé-ń-Wò-Mí wo odò, ó wo èrò. Tó bá ní òun kọ́ ló ni ín, opó lọ, kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ lé e. Tó bá ní òun ló ni ín, ọkọ̀ ti di tiẹ̀ nìyẹn, tòun tèkúté. Bó ṣe rí mi nìyẹn.

"Òun ló ni ín!" Ó na ìka sí mi. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni! Mo kàn ń bá a bójú tó o ni! Ọmọ yìí lówó, ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀!"

Láti ìgbà tí a ti kúrò nílé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó rántí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni mí nìyẹn. Inú bí mi débi pé ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu mi.

"Ẹ̀yin ará," mo ní, "olùkọ́ ni mí. Mi ò ní ju mọ́tò tí mo fi gbé bàbá kékeré mi wá síbí lọ."

"Ẹn-ẹ́n?" bàbá télọ̀ ní. "Ìyẹn ni pé mọ́tò náà kì í ṣe tiẹ̀?"

"Tèmi ni, sà."

Ìyá Onípákó kàn yí padà, ó gun orí ọkọ̀ náà lọ.

Ọ̀gá èbúté ní ẹni tó fi ariwo gba ọkọ̀, ariwo náà ló máa fi kọ̀ ọ́. Wọ́n fà á dé iwájú gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń pe àwọn onítírélà, èyí tí ohùn rẹ̀ ń dé òdì kejì odò.

"Èmi kọ́..." ohùn rẹ̀ gba gbogbo ìlú kan. "Èmi kọ́ ni mo ni ọkọ̀ ojú omi."

"Ti orí ilẹ̀ ńkọ́?" ẹnì kan bi í.

"Mi ò ní ti orí ilẹ̀."

"Kóòtù ńkọ́?" Ohùn bàbá télọ̀ nìyẹn.

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Jígí?"

"Mo yá a ni."

"Bàtà?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bàtà ni tèmi."

Gbogbo èbúté pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, a gbọ́ tí nǹkan ń dún kò, kò, kò. Ìyá Onípákó ló wà lórí ọkọ̀, tó ń fi ìka kan pákó ilẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gá," ó ké sí Ọ̀gá èbúté, "irin rẹ̀ ti bàjẹ́, àmọ́ igi gidi ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Tí mo bá kó àwọn òṣìṣẹ́ mi wá tú gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ fún yín, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n kó igi rẹ̀?"

"Màmá, ẹ kó o! Láti òní lọ, tiyín ni!"

"Á jẹ́ pé ilé ìkẹ́rùsí kẹrin dé nìyẹn," ó ní.

Ayé-ń-Wò-Mí gbọ́ kẹrin. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré, ó sì gun ọkọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ń de bọ́tìnnì kóòtù bàbá mi bó ṣe ń lọ.

"Aya mi ọ̀wọ́n, ẹ má fi ọ̀rọ̀ gbohùngbohùn yẹn ṣe o! Àwàdà ni mo ń ṣe! Ilé ìkẹ́rùsí mẹ́rin, iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká jọ..."

Ìyá Onípákó ò wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ wo àwọn aláàárù nísàlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ bá mi gbé ọkùnrin yìí kúrò lórí pákó mi."