Ilé Àpò Sìmẹ́ńtì Tí Mo Gbé Lọ sí Pobè

Agolo tòmátì ni mò ń fi ọmọ ọlọ lù pẹlẹbẹ lẹ́yìnkùlé nígbà tí ìyá mi pè mí láti ojú fèrèsé òkè pé wọ́n ti ránṣẹ́ láti Pobè, pé ìpàdé ẹbí ti di ọ̀la. Ọ̀la yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ti lò láyé tí n kò rántí ohunkóhun nínú wọn mọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo yìí kọ̀, kò kúrò lọ́kàn mi, n kò sì fẹ́ kí ó kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fẹ́ fi agolo ṣe. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Sakété, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ ni mo ti fẹ́ràn kí n máa fi páálí, bébà àlòkù àti pàǹtí oríṣiríṣi kọ́ ilé kéékèèké. Mo ti kọ́ mọ́sáláṣí, mo ti kọ́ ilé ìwòsàn, mo sì ti kọ́ ibùdókọ̀ tòun ti takisí tó wà nínú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń wò mí bí àgbàlagbà tó gbàgbé láti dìde nídìí eré erùpẹ̀. N kì í dá wọn lóhùn. Èmi kì í sábà dá ènìyàn lóhùn.

Ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe eré. Inú ilé alájà kan tí bàbá bàbá mi kọ́ ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Òrùlé rẹ̀ ti ń jò, ikán sì ti jẹ àtẹ̀gùn onípákó rẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan ni a lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tí a bá ń gòkè. Ràfíù, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Pobè, fẹ́ kí ẹbí wó ilé náà, kí òun kọ́ ilé ìkẹ́rù sí ojú ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí a má ṣe ìyọnu, ìyá mi yóò wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo mọ yàrá tó ní lọ́kàn. Ẹ̀yìn ilé ló wà, ibẹ̀ ló ń kó àpò òfìfo sí. Ìyá mi kàn ń jókòó lójú fèrèsé òkè, níbi tó ti ń jókòó láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wálé ní ìyàwó, ó ń wo títì bí ẹni tó ń dágbére fún un.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu láàárín ẹbí, ńṣe ni ohùn mi máa ń pa dà sínú. Mo wá rò ó pé ohun tí n kò lè sọ, n óò kọ́ ọ. Mo mú okùn ìwọ̀n aránṣọ mi, mo wọn ilé náà láti iyàrá dé iyàrá. Mo pe mọlémọlé kan kí ó wò ó. Ó kan ògiri káàkiri, ó ní òrùlé àti àtẹ̀gùn ló ti lọ, pé ní ti ògiri, yóò sin àwa tí à ń kàn án. Mo wá pinnu láti kọ́ ilé náà bí yóò ṣe rí lẹ́yìn tí a bá ti tún un ṣe: òrùlé titun, àtẹ̀gùn titun, ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì á di ṣọ́ọ̀bù tí a ó máa fi háyà, òkè sì wà fún ìyá mi. Mo fi igi ìṣáná kan àga rẹ̀, mo gbé e sí ojú fèrèsé.

Àpò sìmẹ́ńtì òfìfo ni mo fi mọ ògiri rẹ̀. Ràfíù fúnra rẹ̀ ló fún mi, ó rò pé iná ni mo fẹ́ fi dá. Ènìyàn tó máa ń fara balẹ̀ ni mí, ṣùgbọ́n ìkánjú bá mi lọ́jọ́ náà, n kò gbọn sìmẹ́ńtì tó kù nínú àwọn àpò yẹn dà nù dáadáa. Mo rẹ wọ́n, mo gún wọn nínú odó ìyá mi, mo pò wọ́n mọ́ àtè tí mo fi ìyẹ̀fun gbágùúdá sè. Ògiri náà wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyá mi ní sìmẹ́ńtì ti kún odó òun, pé bí òun bá kú lẹ́yìn iyán tó kàn, kí wọ́n má wulẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n gbé òun dúró sí igun ilé bí òpó. Páálí lásán ni mo fi ṣe àtẹ̀gùn àti igi àjà, mo sì fi agolo tòmátì bo òrùlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, mo gbé ilé mi sí oòrùn kí àtè orí àtẹ̀gùn lè gbẹ, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo dé, ewúrẹ́ aládùúgbò wà níbẹ̀. Ó ti jẹ àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ń lá ibi tí àtè wà. Mo wòkè, ìyá mi wà lójú fèrèsé.

Mo ní, “Ìyá, ẹ rí i, ẹ ò lé e?”

Ó ní, “Mo rò pé ó ń gòkè wá kí mi ni.”

Kò sí àyè láti ṣe òmíràn. Mo gbé ilé tí kò ní àtẹ̀gùn dé ibùdókọ̀. Awakọ̀ takisí ní òun kì í gbé ilé, ènìyàn ni òun ń gbé, àfi kí ilé náà san owó ìjókòó tirẹ̀. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe bọ́ sórí alùpùpù sẹ́míjàn kan nìyẹn. Mo gbé ilé lé itan, mo fi apá méjèèjì dì í mú bí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Kò pẹ́ tí ọlọ́kadà náà bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn.

“Màmá, ẹ ní páálí ni. Páálí wo ló ń wúwo báyìí?”

Mo ní páálí tó kàwé ni. Ohun tí mo sọ fún un láti Sakété dé Pobè kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Onigbolo ń fẹ́ wa bí ẹni fẹ́ iná, agolo orí òrùlé ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Mo ń dúpẹ́ pé kò tíì sí èyí tó jábọ́, nígbà tí òjò dé. Kí a tó rí àtíbàbà kan sá sí, ó ti pa wá tán. Ọ̀dà funfun tí mo fi kun ògiri ṣàn sára aṣọ mi. Igi àjà tí mo fi páálí ṣe rọ̀, òrùlé wálẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàbá kan tó wà lábẹ́ àtíbàbà náà yí ilé mi ká, ó wò ó títí, ó wá béèrè bóyá mo lè ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ẹyẹlé òun. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n omi tó wà lójú mi ti pọ̀ jù, ẹnikẹ́ni kì bá mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí òjò.

Nígbà tí mo wọlé ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí, Bàbá Pobè ni gbogbo wa ń pè é, ẹbí ti pé sí pálọ̀. Ojú tì mí. Mo gbé ilé mi sí igun kan, ní ìparí bẹ́ńṣì, mo fi ìró mi kan bò ó mọ́lẹ̀. Mo pinnu pé n kò ní fi han ẹnikẹ́ni. N óò jókòó, n óò gbọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ wó ilé, n óò gbé tèmi pa dà sí Sakété, ewúrẹ́ á sì parí rẹ̀.

Ràfíù ló dé kẹ́yìn. Ọkùnrin náà tóbi bí àpò sìmẹ́ńtì tí a tò léra. Bẹ́ńṣì ti kún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí àpótí kan tí wọ́n fi aṣọ bò, ó sì jókòó lé e.

Mo la ẹnu. Ohùn mi pa dà sínú.

Mo gbọ́ agolo tó ké lábẹ́ rẹ̀. Mo di ojú mi, mo ń retí ìró ìṣubú. Kò dún. Ràfíù yí ìdí díẹ̀, ó ní, “Bàbá, àwọn àga yín yìí ti ń gún ènìyàn o.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ilé Sakété ti di ewu. Ó ní ògiri rẹ̀ kò lè gbé ohunkóhun mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dìde díẹ̀ tó tún ń jókòó padà gìdì.

“Bí èmi Ràfíù bá jókòó lókè ilé yẹn lónìí,” ó ní, “ẹ wá fi ṣọ́bìrì hú mi.”

Àwọn kan mi orí. Bàbá Pobè wá yíjú sí mi. “Ìwọ tó ń gbé inú rẹ̀, kí ni ìwọ rí sí i?”

Mo rò nípa yàrá àpò òfìfo. Mo rò nípa ìyá mi lójú fèrèsé.

Mo ní, “Bàbá, Ràfíù ló jókòó lé ohun tí mo fẹ́ sọ.”

Ràfíù dìde bí ẹni tí èèrùn ta. Mo ṣí aṣọ. Òrùlé ti fẹ̀ bí àwo, àga onígi ìṣáná ti di ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró ṣinṣin, kò sí èyí tó sán. Bàbá Pobè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ògiri náà.

“Kí lo fi mọ ọ́n?”

“Àpò sìmẹ́ńtì Ràfíù ni. N kò gbọn ọ́n tán.”

Ẹ̀rín bẹ́. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ṣì ń wò ó. “Òrùlé ti lọ,” ó ní. “Àtẹ̀gùn ńkọ́?”

“Ewúrẹ́ jẹ ẹ́, Bàbá.”

“Ti Sakété, ikán ló jẹ ẹ́.” Ó nà dúró. “Ẹ wá wò ó. Ilé wa gan-an nìyí.”

Nígbà náà ni ohùn mi tó jáde. Mo sọ ohun tí mọlémọlé sọ, mo sọ ti àwọn ṣọ́ọ̀bù tí a ó fi háyà, mo sọ ibi tí ìyá mi ń jókòó. Nítorí pé n kì í fẹ́ irọ́, mo tilẹ̀ sọ fún wọn pé bí ilé kékeré ṣe gbé Ràfíù kò túmọ̀ sí pé ilé ńlá lè gbé e. Kò sẹ́ni tó gbọ́, ẹ̀rín kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ìpàdé kò tíì tú tí Bàbá fi ní kí a tún ilé ṣe, kí ẹnikẹ́ni má wó o. Ó ní Ràfíù ni yóò kó sìmẹ́ńtì wá, níwọ̀n ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti dán an wò.

Ó kó o wá lóòótọ́. Òun náà ló wá gba ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ nísàlẹ̀. Òrùlé ti di titun, ìyá mi ṣì wà lójú fèrèsé rẹ̀, ilé kékeré náà sì wà lókè àtẹ̀gùn bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, n kò tún un ṣe. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò bá lè gbé, ọwọ́ lè bá a gbé e. Èkejì ni pé kí a kọ́kọ́ so ewúrẹ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, oníbàárà á rò pé òun ni mo ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ràfíù gun àtẹ̀gùn titun wá kí ìyá mi. Ó dúró níwájú ilé kékeré náà, ó wò ó pẹ́, ó sì fi ọwọ́ pa ìdí ara rẹ̀ bí ẹni tó rántí nǹkan.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “bí ẹ bá tún máa kọ́ òmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìrọ̀rí sí i lórí.”