Ẹ̀rọ Ńlá Lórí Wáyà Tẹ́ẹ́rẹ́

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ níbẹ̀, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Baálẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Kábíyèsí, wà lórí àga rẹ̀, àwọn ìjòyè yí i ká, fáànù ń yí lókè, èmi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ìṣe mi. Aránṣọ kan ló kọ́kọ́ wọlé, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Alágbára ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ń ti ọmọlanke bọ̀, ẹ̀rọ ìjórin kan tó tóbi bí àpótí aṣọ sì jókòó sínú rẹ̀.

Baálẹ̀ wò wọ́n, ó wo ẹ̀rọ.

"Ta ni olùpẹ̀jọ́ nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Èmi ni, Kábíyèsí," ni aránṣọ dáhùn. "Ọkọ mi rèé. Èyí tó wà nínú ọmọlanke ni ìyàwó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́."

"Irọ́ ni, Kábíyèsí! Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀ lásán ni."

"Kí ni ẹ̀rọ náà ṣe fún ọ?"

"Ó gba iná mọ́ mi lọ́wọ́. Aṣọ ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, Kábíyèsí. Ọ̀la ni ìyàwó máa wọ̀ ọ́, apá kan ṣoṣo ni mo sì ti rán mọ́ ọn. Tí mo bá ti fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi báyìí, iná á ní pàá, ó lọ! Tí aṣọ yẹn ò bá jáde lọ́la, ta ló tún máa gbé aṣọ wá fún mi? Iṣẹ́ yẹn la sì fi ń jẹun látìgbà tí ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì."

"Báwo ni ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe kan iná tìrẹ?"

"Gáréèjì ẹ̀yìn ilé ló gbé e sí. Ilé ìdáná la ti fa wáyà lọ síbẹ̀, nítorí gílóòbù kan ṣoṣo sì ni, kí ọkọ̀ má baà sùn nínú òkùnkùn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, 'Bàbá àwọn ọmọ, tí ẹ bá máa ra ẹ̀rọ, ẹ ra kékeré tí iná ilé lè gbé.' Ohun tó lọ gbé wá nìyí."

Baálẹ̀ kọjú sí ọkọ. "Alágbára, kí lo rí sọ?"

Alágbára kọ́kọ́ fi àpò ẹ̀wù rẹ̀ nu eruku lára ẹ̀rọ.

"Kábíyèsí, mo dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tan kékeré, gílóòbù ṣọ́ọ̀bù ò ṣẹ́jú. Wọ́n tan èyí tó tẹ̀ lé e, kò ṣẹ́jú. Wọ́n wá tan eléyìí. Gbogbo gílóòbù ló wálẹ̀ wìì! Ẹni tó ń tajà fò sẹ́yìn. Mo ní kó dì í fún mi kíákíá."

"Bí iná ṣe ṣẹ́jú lo fi yan ẹ̀rọ?"

"Kí lèèyàn tún máa fi yàn án, Kábíyèsí? Ẹ̀rọ tí iná ò bá bẹ̀rù, ẹ̀rọ wo nìyẹn?"

Ìjòyè méjì kan ní òótọ́ ló sọ. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì.

"Kí lo fẹ́ fi í jó?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Àga ni, Kábíyèsí. Ẹ̀yìn máa ń dun ìyàwó mi tó bá ń ránṣọ. Mo fẹ́ ṣe àga onírin tó lè fẹ̀yìn tì fún un."

Aránṣọ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àánú ṣe mí díẹ̀, mi ò ní parọ́.

"Àga náà dà?"

"Ó ti ní ẹsẹ̀ kan."

"Ẹ̀rọ ràgàjì yìí, nítorí ẹsẹ̀ àga?"

"Tí lọ́rì bá wá kán níwájú ilé wa ńkọ́, Kábíyèsí? Ṣé kékeré ni mo máa gbé jáde lójú gbogbo ayé? Ojú á tì mí."

"Lọ́rì ta ni?"

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n."

"Kábíyèsí," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ọ̀nà wa ò gba lọ́rì."

Ẹ̀rín sọ láàfin. Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè.

"Báwo lo ṣe rí ẹsẹ̀ kan yẹn jó, nígbà tí iná ò dúró?"

"Mo ṣòfin, Kábíyèsí. Tí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, màá fi òòlù lu ìdérí garawa. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ, kó pa ohun tó bá tàn: fíríìjì, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ jáde síta."

"Kí ló fẹ́ ṣe níta?"

"Kó má baà tún tàn án lẹ́yìn mi."

"A pa gbogbo ẹ̀, ó ṣì ń já!" ni aránṣọ kígbe. "Níjọ́sí, ó ní kí n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, pé òjìji mi ti wúwo jù lórí ẹ̀."

"Ó sì dúró díẹ̀ sí i nígbà tó kúrò," ni Alágbára wí, kò rẹ́rìn-ín rárá.

Wọ́n pe Oníwáyà, ẹni tó fa iná ilé náà.

"Ṣé o sọ fún ọkùnrin yìí pé wáyà gáréèjì ò lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀?"

"Mo sọ fún wọn dáadáa, Kábíyèsí."

Alágbára fò dìde. "Ó ní yóò gbìyànjú!"

"Mo ní yóò gbìyànjú lóòótọ́. Ó sì gbìyànjú."

"Kí lo wá sọ fún ìyàwó?"

"Mo ní kò lè gbé e."

"Ọ̀rọ̀ méjì nínú ilé kan?"

"Kábíyèsí, àwọn méjèèjì ló gbà mí lálejò dáadáa. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú."

"Ojú mi ni kí o wò báyìí. Ẹ̀rọ wo ló yẹ ibẹ̀?"

Oníwáyà dáhùn. "Kékeré ni, Kábíyèsí, èyí tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Kí wọ́n máa lo ọ̀pá ìjórin tín-ín-rín, kí wọ́n sì máa sinmi díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ àga ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ńlá ni dandan, a ní láti fa wáyà nípọn tuntun láti ìdí mítà, tí iná tó ń wọ ilé náà bá tilẹ̀ tó o."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó fìbínú bi mí tẹ́lẹ̀ ni."

Ó ku ẹlẹ́rìí kan, ìyá tó bí aránṣọ.

"Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, ìyá."

"Èmi ni mo wà nídìí kọ́táòtù, Kábíyèsí. Nǹkan ara ògiri yẹn, tó máa ń já wálẹ̀ tí ẹrù iná bá ti pọ̀ jù. Àna mi fún mi ní ọ̀pá ìgbálẹ̀. Tó bá ti já, màá fi ọ̀pá tì í sókè, màá wá kígbe pé, 'Ó ti dé o!'"

"Ẹ wo ìyà tó fi ń jẹ ìyá mi!" ni aránṣọ wí.

"Ìyà wo? Ìwọ ọmọ yìí, panu mọ́! Látìgbà tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn, Kábíyèsí, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan ju 'Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?' lọ. Nísinsìnyí, mi ò gbádùn ìdákẹ́jẹ́ mọ́. 'Màmá, iná! Màmá, ẹ jọ̀ọ́!' Ọ̀gá ni mí nínú ilé yẹn."

"Màmá, ẹlẹ́rìí tèmi ni yín o!"

"Tìẹ náà ni. Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Alágbára ń rẹ́rìn-ín títí etí.

"Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ inú fíríìjì ti kan," ni ìyá wí, ẹ̀rín sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Baálẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Mo rí i pé ó wù ú. "Ó mà rẹwà o," ló wí.

Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Alágbára ti ki ẹ̀rọ bọ iná ààfin. "Ẹ jẹ́ kí n tàn án fún yín, Kábíyèsí." Ó fi ọ̀pá kan irin ọmọlanke. Pàá! Fáànù dúró. Ooru bò wá. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú ìjòyè àgbà, títí tó fi ṣí fìlà láìrò ó. Irun kún apá òsì orí rẹ̀, apá ọ̀tún ń dán.

"Ta ló gé irun rẹ báyìí?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Onígbàjámọ̀ tó háyà yàrá iwájú ilé Alágbára ni, Kábíyèsí. Ó ń gé irun mi lọ́wọ́ ni ìdérí garawa dún, ló bá pa ẹ̀rọ ìgérun rẹ̀."

Baálẹ̀ padà sórí àga, ó nu òógùn, kò wo ẹ̀rọ náà mọ́.

"Ìdájọ́ mi rèé. Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Wáyà ò jẹ̀bi, gílóòbù la ní kó gbé, ó sì gbé e. Alágbára ló jẹ̀bi. Kó dá eléyìí padà, kó gba kékeré. Títí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, òfin tó ṣe fún ilé rẹ̀ ni mo fi dè é. Tí ìyàwó rẹ̀ bá ti ń ránṣọ, kí gbogbo ilé ka Alágbára mọ́ ohun tí wọ́n ti yọ kúrò lára iná. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Kì í béèrè oúnjẹ. Kì í rìn kiri. Kó lọ dúró sí kọ̀rọ̀ gáréèjì, kó kọjú sí ògiri."

Alágbára wo ìyàwó rẹ̀. "Ìgbà wo lo máa ń ránṣọ gan-an?"

"Tí mo bá ti jí ni mo ń bẹ̀rẹ̀. Tí oorun bá gbé mi lọ ni mo ń dáwọ́ dúró."

Ìyá gbọ́wọ́ sókè. "Ta ló máa wá dá a padà sára iná, Kábíyèsí?"

"Ẹ̀yin ni, ìyá."

Inú ìyá dùn. Ó ronú díẹ̀. "Tí mo bá gbàgbé ńkọ́?"

"Ẹjọ́ yẹn ò tíì dé iwájú mi."

Aránṣọ ti ń sáré lọ sílé lọ rán apá kejì. Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, Alágbára pàápàá ti dé ojú títì. Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré ti ọmọlanke, ó ń pariwo pé kí oníṣọ́ọ̀bù má tíì tilẹ̀kùn o, èyí tó kéré jù lọ lòun fẹ́.