Fáànù Tó Kọjú Sínú

Ní èbúté kan, ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ gbé èrò láìní ìwé pé rédíò ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ dára. Ọwọ́ ọ̀gá ayẹ-rédíò-wò ni ìwé ọ̀hún wà, ọ̀gá yìí ò sì ṣàṣìṣe rí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Obìnrin atukọ̀ kan tó fẹ́ gbéra ní aago méjì gbé rédíò rẹ̀ wá. Ọ̀gá so ó mọ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó mí kanlẹ̀.

Ọ̀GÁ: Ẹ kú ìrọ́jú, màmá. Ó ti kú.

ATUKỌ̀: Rédíò tí mo fi bá àwọn atukọ̀ ẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín nísinsìnyí?

Ọ̀GÁ: Ẹ dúpẹ́ pé ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó tó lọ.

ATUKỌ̀: Èrò méjìlélógún ló ti jókòó sínú ọkọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò.

Ọ̀GÁ: Ẹ̀rọ yìí kì í parọ́.

(Atukọ̀ gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ náà. Wéré ló gbọ́wọ́ kúrò.)

ATUKỌ̀: Hà! Ṣé ibà ń ṣe é ni? Fáànù ẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀GÁ: Ó wà lẹ́yìn. Ó ń fẹ́ dáadáa.

(Atukọ̀ ya bébà pélébé kan, ó mú un sún mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bébà lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́.)

ATUKỌ̀: Inú ló ń fẹ́ sí. Ọfà tí wọ́n yà síbí sọ pé ìta ni kó máa fẹ́ sí.

Ọ̀GÁ: Èmi ni mo yí i. Màmá, tí ooru bá mú yín, ṣé ògiri lẹ máa kọjú fáànù sí?

ATUKỌ̀: Ooru tó wà nínú ẹ̀, ibo ló ń gbà jáde?

Ọ̀GÁ: Kì í jáde.

ATUKỌ̀: Àwọn ihò iwájú yìí ńkọ́?

Ọ̀GÁ: Mo ti fi sẹ́lótéèpù dí wọn. Nítorí eruku.

ATUKỌ̀: Ẹ fẹ́ atẹ́gùn wọlé, ẹ wá tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọ̀GÁ: Kó má baà sá lọ. Atẹ́gùn tútù ṣọ̀wọ́n.

(Atukọ̀ wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá.)

ATUKỌ̀: Ọ̀gá, àkókò ń lọ. Tí n ò bá gbéra lónìí, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé ojú ọ̀nà mi fún. Ẹ jẹ́ ká yí i bí ọfà ṣe wí.

Ọ̀GÁ: Ẹ jẹ́ ká yí i, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mo mọ̀.

(Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, wọ́n yí fáànù, wọ́n ṣí sẹ́lótéèpù. Bí wọ́n ṣe tan ẹ̀rọ, eruku ọdún méjì tú jáde sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọ̀gá. Ọ̀gá ò mira. Wọ́n dúró kí ẹ̀rọ tutù, ọ̀gá sì tún so rédíò mọ́ ọn.)

Ọ̀GÁ: Ó ti jí.

ATUKỌ̀: Kò kú rí!

(Ọ̀gá kọ nǹkan sínú ìwé, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Atukọ̀ já a gbà, ó ti ń sáré lọ kó tó kà á. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.)

ATUKỌ̀: Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ síbí pé fáànù ló ń yọ rédíò mi lẹ́nu. Rédíò mi ò ní fáànù.

Ọ̀GÁ: Ìdí nìyẹn tí n ò fi tètè rí i.